Òkè Àkókó Kì Í Ṣe Òkè Ayọnáyèéfín

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè gba ìhà Ọ̀wọ̀ wọ ilẹ̀ Àkókó tí kì í ṣe òkè ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Àkùngbá ni àpáta yóò ti máa yọrí lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì gun òkè dé Ọ̀kà, tí ó kọjú sí ìhà Ẹ̀pìnmì, Ìpè àti Ìsùà, kò sí ibi tí ojú lè yà sí tí kò ní bá òkúta pàdé. Orí irú òkè wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ará Àkókó sá gùn nígbà tí ogun Tápà gbóná ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ara wọn ni wọ́n ń sá èlùbọ́ sí. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó bá dàgbà ní Ìpè tàbí ní Ìkàrẹ́ kì í pẹ́ bi olùkọ́ rẹ̀ pé níbo ni òkè ti wá.

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fún un, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni, ni pé òkè ayọnáyèéfín ni ó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, pé iná sọ láti inú ilẹ̀, òkúta yíyọ́ ṣàn jáde, ó tutù, ó sì di àpáta. Ìdáhùn náà dùn ún gbọ́. Ọmọdé fẹ́ràn ìtàn iná, olùkọ́ pẹ̀lú a sì fẹ́ràn ohun tí yóò mú kíláàsì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ni ó fà á. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ kà sọ fún un pé inú òkúta yíyọ́ ni irú àpáta báyìí ti wá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó mọ̀ tí ó sún mọ́ òkúta yíyọ́ ni òkè ayọnáyèéfín. Ó so méjèèjì pọ̀, ó sì kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Àìsí orúkọ ni ó bí àṣìṣe náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé àìsí orúkọ ni, a jẹ́ pé ẹ̀bi rẹ̀ kan àwọn ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ju bí ó ṣe kan àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì lọ.

Òrí àti òkúta

Ẹni tí ó bá ti yọ́ òrí rí yóò tètè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àkókó. Bí wọ́n bá yọ́ òrí lórí iná, tí wọ́n sì gbé e sí inú omi tútù lójú ẹsẹ̀, kíá ni yóò dì, ara rẹ̀ yóò sì jọ̀lọ̀. Bí wọ́n bá fi òrí kan náà sílẹ̀ lẹ́bàá ààrò kí ó máa tutù díẹ̀díẹ̀ mọ́jú, hóró ni yóò kún inú rẹ̀; ẹni tí ó bá fi pa ara yóò mọ̀ ọ́n lára. Òrí kan náà ni, ooru kan náà ni. Bí ó ṣe yá tó láti tutù ni ó fi ìyàtọ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti òkúta. Èyí tí ó bá jáde sí òde ní yíyọ́, tí afẹ́fẹ́ tàbí omi òkun gbá a mú, kì í rí àyè ṣe hóró tí ojú lè rí. Ara rẹ̀ a máa jọ̀lọ̀, ó sì máa ń dúdú lọ́pọ̀ ìgbà. Irú rẹ̀ ni ó ń jáde láti orí òkè ńlá Kamẹrúùnù, tí ó ṣàn ní ọdún 1999 àti ní 2000.

Akọ òkúta Àkókó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ ní tuntun, tí ó gbé e sí oòrùn, yóò rí hóró rẹ̀ láìlo awò: èyí tí ó funfun tàbí tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí ó mọ́ gaara bí ìgò, àti àwọn pẹ́pẹ́ dúdú tí ń dán yinrinyinrin. Ní Ìdànrè àti ní Igarra, tí kò jìnnà sí Ìsùà, hóró mìíràn gùn ju oríkèé ìka lọ. Kí hóró tó lè tóbi tó bẹ́ẹ̀, òkúta yíyọ́ náà ní láti dúró sí ibi tí ooru kò ti lè tètè sá lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ni ibẹ̀ wà, ní ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà púpọ̀ ni ó sì máa ń lò kí ó tó dì tán. Akọ òkúta yìí kò rí òde rí títí ó fi di òkúta. Ohun tí ó gbé e dé ojúmọmọ ni pé ilẹ̀ tí ó bò ó ń ga sókè díẹ̀díẹ̀, òjò, oòrùn, odò àti ẹ̀fúùfù sì ń họ ilẹ̀ náà kúrò lórí rẹ̀. Òkè Ìpè kò sọ jáde bí iná. Ìbòrí rẹ̀ ni ó bọ́.

Kì í sì í ṣe akọ òkúta nìkan ni ó wà níbẹ̀. Láti Ìkàrẹ́ títí dé ìhà Ọ̀kà àti Ìpè, òkúta tí ó gbalẹ̀ jù ni èyí tí ó ní ìlà dúdú àti ìlà funfun tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí aṣọ òfì. Òun ni ó dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ti lé ní mílíọ̀nù 2,000 ọdún. Wọ́n ti rì í sí ìsàlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n ti fún un, wọ́n ti ká a kò bí ẹni ká ẹní. Níbi tí ooru rẹ̀ bá ti lé ní 650 lórí òṣùwọ̀n Celsius, apá kan rẹ̀ a yọ́, apá kejì a sì ṣe agídí. Èyí tí ó yọ́ a wá máa rin inú èyí tí kò yọ́ lọ, títí tí àwọn méjèèjì yóò fi dì pọ̀. Ẹni tí ó bá dúró ti ojú àpáta bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí ó wo bí ìlà funfun ṣe ń wé, tí ó ń pín, tí ó sì ń padà bára pàdé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ohun líle yìí ti rọ̀ rí.

Ojú ìránpọ̀ ilẹ̀

Kí ni ó mú ooru náà wá? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Àkókó nìkan, tí ó di ti odidi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Èèpo ayé kì í ṣe odidi kan ṣoṣo. Ègé ńláńlá ni, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ń rìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Níbi tí ègé méjì bá ti ń ya ara wọn, òkúta yíyọ́ ń yọ láti dí àlàfo àárín wọn. Níbi tí ìsàlẹ̀ òkun bá ti ń wọ abẹ́ ègé mìíràn, omi tí ó gbé lọ sí ìsàlẹ̀ ń mú kí òkúta tí ó wà níbẹ̀ tètè yọ́. Níbi tí ilẹ̀ méjì bá sì ti forí gbárí, èèpo ayé ń nípọn sí i, ooru ń há sínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ a sì máa yọ́. Ẹni tí ó bá béèrè ìpìlẹ̀ṣẹ̀ òkúta kan, ohun tí ó ń béèrè gan-an ni èwo nínú àwọn ibi wọ̀nyí ni ó ti yọ́.

Ní ti Àkókó, ìdáhùn rẹ̀ wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ àtijọ́ kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Gánà àti Ivory Coast lọ dé Málì àti Mauritania, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù 2,000 ọdún sẹ́yìn. Òkun wà láàárín ìpìlẹ̀ náà àti ilẹ̀ tí ó di ti Yorùbá lónìí. Díẹ̀díẹ̀ ni òkun náà ń kéré, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wọ abẹ́ ilẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn, ìyẹn ìhà tiwa, títí tí omi fi tán láàárín, tí ilẹ̀ méjèèjì sì kọlu ara wọn ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Òkè gíga ni irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ máa ń gbé dìde, gẹ́gẹ́ bí ìkọlù Íńdíà àti Éṣíà ṣe gbé Himalaya dìde. W. Q. Kennedy ni ó fún sáà náà ní orúkọ tí àgbáyé fi mọ̀ ọ́n, Pan-African, ní ọdún 1964. Kevin Burke, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti John Dewey sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, ní 1972, gẹ́gẹ́ bí ìkọlù ègé ilẹ̀ méjì.

Ojú ibi tí wọ́n ti rán ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ kò pa rẹ́. Ó gba ìhà ìlà-oòrùn gúúsù Gánà kọjá sí Tógò, ó sì dé àríwá ìwọ̀-oòrùn Bẹ̀nẹ̀. Òkè Agou, tí ó ga jù ní Tógò, àti àwọn òkè Kabyè jẹ́ ara òkúta dúdú wíwúwo tí ìkọlù náà tì sókè láti ìsàlẹ̀. Ojú ìránpọ̀ yìí kò jìnnà sí Atakpamé, níbi tí àwọn ènìyàn ṣì ń sọ èdè Ifẹ̀ títí di òní. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ni Ṣábẹ̀ wà pẹ̀lú àwọn òkè tirẹ̀, àti Ìṣẹ́yìn, Ìgbẹ̀tì, Ìkẹ́rẹ́, Ìdànrè, títí dé Àkókó. Nígbà tí ooru ìkọlù náà ń yọ́ ìdí ilẹ̀ ni akọ òkúta ń gòkè wọ inú òkúta onílà tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, àlejò ni akọ òkúta lára òkúta onílà, bí àlejò náà tilẹ̀ ti lo mílíọ̀nù 600 ọdún nílé onílé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá gbọ́. Ilẹ̀ Nàìjíríà àti ilẹ̀ ìhà àríwá ìlà-oòrùn Brazil jẹ́ ọ̀kan títí di nǹkan bí mílíọ̀nù 100 ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, kí òkun Àtìláńtíìkì tó la àárín wọn. Ìlà ìdá ńlá tí ó gba Kandi ní Bẹ̀nẹ̀ kọjá a máa bá ti Sobral ní Brazil mu bí wọ́n bá da ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ padà. Akọ òkúta Pernambuco àti ti Àkókó jẹ́ ọmọ ìyá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó débẹ̀ tẹ orí òkúta tí ó bá ti ilé tan láìmọ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí gbogbo èyí sọ pé òkè ayọnáyèéfín kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá rí. Àwọn òkúta dúdú kan wà ní agbègbè Iléṣà, ní ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, tí ó jẹ́ pé òkúta yíyọ́ tí ó jáde sí òde ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ooru àti ìfúnpọ̀ tó pa wọ́n lára dà. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí wọn títí di òní: àwọn kan rí wọn gẹ́gẹ́ bí àjókù ìsàlẹ̀ òkun, àwọn mìíràn sọ pé orí ilẹ̀ àtijọ́ tí ó ṣẹ́ àlàfo ni wọ́n ṣàn sí. Bí òkè ayọnáyèéfín kan bá sì wà lókè réré lórí Àkókó nígbà ìkọlù ńlá náà, òjò ti ru ú lọ pátápátá. Ohun tí ó kù ni ìdí ìkòkò, ọbẹ̀ tí ó wà lókè ti tán.

Jos ni ibi tí ó dára jù láti fi han akẹ́kọ̀ọ́. Òkúta yíyọ́ ibẹ̀ gòkè láàárín mílíọ̀nù 213 sí mílíọ̀nù 141 ọdún sẹ́yìn, láìsí ìkọlù kankan. Apá kan rẹ̀ tú jáde sí òde, ìyókù rẹ̀ dì sí abẹ́ ilẹ̀ ní òbìrí-kìtì, àwọn méjèèjì sì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. J. D. Falconer ti rí ìyàtọ̀ àárín akọ òkúta Jos àti akọ òkúta tí ó dàgbà jù ú lọ láti ọdún 1911.

Ọjọ́ orí yẹn gan-an kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Hóró kan tí ó kéré ju iyanrìn lọ wà nínú akọ òkúta, orúkọ rẹ̀ ni zircon. Bí ó bá ti ń dì ni ó ń gba yùréníọ̀mù sínú, kì í sì í gba òjé. Yùréníọ̀mù náà a máa di òjé díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò yí padà: ó ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 4,470 ọdún kí ìdajì irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù tó di òjé tán. Ẹni tí ó bá wọn òjé inú hóró náà mọ ìgbà tí ó dì. Ní ti ibi tí òkúta ti yọ́, Julian Pearce, Nigel Harris àti Andrew Tindle fi hàn ní 1984 pé àwọn èròjà díẹ̀díẹ̀ inú akọ òkúta lè jẹ́rìí. Èyí tí ó yọ́ níbi tí ìsàlẹ̀ òkun ti ń wọ abẹ́ ilẹ̀ kì í ní nióbíọ̀mù púpọ̀. Èyí tí ó yọ́ láàárín ègé ilẹ̀ a máa ní in, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi wa columbite ní Jos fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá tọ́ ọbẹ̀ wò lè sọ irú ilé ìdáná tí ó ti wá.

Orúkọ tí òkúta ń jẹ́

Láti ìgbà tí àríyànjiyàn lórí kíkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báwọ̀nyí. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí tirẹ̀. Orúkọ òkúta abẹ́lẹ̀ ti Pluto wá, òrìṣà abẹ́ ilẹ̀. Ti òkè ayọnáyèéfín ti Vulcan wá, òrìṣà iná àwọn ará Róòmù. Granite kò ju ohun tí ó ní hóró lọ ní èdè Ítálì. Gneiss, òkúta onílà, ẹnu àwọn awakùsà Jámánì ni wọ́n ti mú un. Ní 1907, Jakob Sederholm, ará Finland, ń wo òkúta tí ó yọ́ lápá kan tí kò yọ́ lápá kejì, kò rí orúkọ fún un, ó sì lọ mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àdàpọ̀: migmatite. Èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín jù ni ti òkúta dúdú aláwọ̀ ewé ṣíṣókùnkùn tí ó pọ̀ ní Àkúrẹ́, Ìkẹ́rẹ́ àti Adó-Èkìtì, tí ó sì wà ní sàkáání Àkùngbá. Orúkọ tí àgbáyé ń pè é ni charnockite. Job Charnock, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kú sí Íńdíà, ni ó ni orúkọ náà, nítorí pé irú òkúta yìí ni wọ́n fi ṣe òkúta ibojì rẹ̀ ní Calcutta. Ọmọ Èkìtì tí ó jókòó lórí òkúta bàbá rẹ̀ wá ń fi orúkọ ibojì oníṣòwò ṣe ìdánwò.

Gbogbo orúkọ wọ̀nyí wá láti ibi tí ẹnì kan ti fara balẹ̀ wo òkúta, tí ó sì pè é ní ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kò sí ìdí tí ojú Yorùbá kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Akọ òkúta ti wà láti ìgbà pípẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi gíráníìtì rọ́pò rẹ̀. Òkúta abilà bá èyí tí ó ní ìlà mu. Ẹni tí ó bá ti jẹ àdàlù kò nílò àlàyé gígùn lórí òkúta àdàlù, níbi tí èyí tí ó yọ́ àti èyí tí kò yọ́ ti wà pọ̀, tí ojú sì ń dá wọn mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí àgbàdo àti ẹ̀wà. Ojú ìránpọ̀ fún ibi tí ilẹ̀ méjì ti pàdé, ègé èèpo ayé fún ohun tí ń rìn.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n pa tì ni òkúta iná. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò ó fún gbogbo òkúta tí ó ti yọ́ rí, òun sì ni orísun àṣìṣe tí àpilẹ̀kọ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí iná ní abẹ́ Àkókó nígbà náà. Ooru ni ó wà níbẹ̀, iná àti ooru kì í sì í ṣe ọ̀kan náà ní èdè Yorùbá. Òkúta ayọ́dì dára jù: ó yọ́, ó sì dì. Bí ó bá dì sí abẹ́ ilẹ̀, ayọ́dì inú. Bí ó bá dì sí òde, ayọ́dì òde. Ìyàtọ̀ tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi òrìṣà méjì ṣe, ọ̀rọ̀ kúkúrú méjì ti ṣe é. Àwọn kan lè dábàá pé kí wọ́n fi Ṣàngó rọ́pò Vulcan. Ìdàrúdàpọ̀ ni yóò dá sílẹ̀. Òkè ni iná Ṣàngó ti ń wá, ìsàlẹ̀ ni eléyìí ti ń bọ̀. Bákan náà ni kò sí ìdí láti máa sọ pé iyanrìn àti adìyẹ inú ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀ ti sọ ohun gbogbo nípa ìrìn ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì nílò kí jiọ́lọ́jì gbè é lẹ́yìn.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì, ọmọ bíbí Àkókó, sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, fi hàn pé ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé lè so èso. Ṣùgbọ́n orí gírámà, lítíréṣọ̀, àṣà àti ìkọ́ni ni wọ́n gbé e lé. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹ̀ka Yorùbá ti jókòó ti ewì àti ìtàn àròsọ. Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn wà ní Àkùngbá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ jiọ́lọ́jì àti èdè Yorùbá lábẹ́ orúkọ kan náà, lórí àpáta kan náà. Kò sí ibi tí ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti jókòó pọ̀.

Nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, sáyẹ́ǹsì wà lára ohun tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà, kò sì ṣe wọ́n ní ibi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba pa ìlànà náà rẹ́, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá bínú, ìbínú wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé láàárín ọdún mẹ́ta náà, ìwé sáyẹ́ǹsì mélòó ni ẹ̀ka tiwọn kọ. Bí ìjọba bá tún yí ọkàn padà ní ọ̀la, tí olùkọ́ kan sì dúró níwájú kíláàsì ní Ìpè láti kọ́ni ní Yorùbá nípa òkè tí ó wà lójú fèrèsé, òkúta iná àti òkè ayọnáyèéfín náà ni yóò tún bọ́ sí i lẹ́nu.

Ìfòyà pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ti mì ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ní 1984 àti ní 2009, ó sì mì ní Mpape ní Àbújá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé òkè ayọnáyèéfín ni òkè ìlú rẹ̀, ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ bí ilẹ̀ bá mì kò pamọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òkúta tí ó ti dì láti mílíọ̀nù 600 ọdún ni, tí ó sì ní ojú ìdá àtijọ́ tí ó lè sún díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò lè fọkàn ọmọ náà balẹ̀ láìpurọ́ fún un.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Àkókó kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan; ọ̀pọ̀ èdè kéékèèké ni ó wà níbẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò sì ka àwọn kan nínú wọn sí ẹ̀ka-èdè Yorùbá rárá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá dá ní ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ṣàjèjì sí ọmọ Àkókó bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣàjèjì sí i. Òótọ́ ni. Ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí wọ́n bá rán lọ sí Ìpè, Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́ fún ìdánrawò ìkọ́ni máa ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ níbẹ̀. Kí ó mú ìwé àti bírò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tà fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ẹni tí ó ń fi òkúta jẹun mọ èyí tí ó máa ń là lójú ìlà rẹ̀, ó mọ èyí tí òòlù kì í tètè ràn, ó mọ èyí tí oòrùn máa ń họ bí èèpo àlùbọ́sà. Kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún láìní orúkọ fún ohun tí ó wà lábẹ́ òòlù rẹ̀. Òun ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi, kí òkúta náà tó di òkúta wẹ́wẹ́ tán.